Ọwọ́ Tó Gbin Igbó Òkè Tijuca

Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè Pico da Tijuca ní ìlú Rio de Janeiro, tó sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ kò le. Yóò yan ọjọ́ kan láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, tí ojú ọ̀run sì máa ń mọ́, nítorí pé láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, àrá àti òjò ọ̀sán kì í jìnnà sí òkè náà. Yóò wọ bàtà tí kì í yọ̀, yóò gbé omi àti oúnjẹ dání, yóò tètè dé ẹnu ọ̀nà ọgbà orílẹ̀-èdè Tijuca ní Alto da Boa Vista kí oòrùn tó mú, yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cascatinha, omi tó ń já bọ̀ láti orí àpáta, yóò sì gba ọ̀nà ọlọ́dà dé Bom Retiro, níbi tí ọ̀nà mọ́tò parí sí. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ló kù: bíi wákàtí kan àbọ̀ fún ẹni tí kò kánjú, lábẹ́ igi tó forí kanrí, títí dé orí àpáta tó ga ní 1,021 mítà sí ojú òkun. Pico da Pedra Branca nìkan ló ga jù ú lọ ní gbogbo ìlú náà, mítà díẹ̀ ló sì fi jù ú. Gbogbo èyí ni atọ́nà yóò sọ fún àlejò. Èyí tí wọn kì í sábà sọ, tó sì yẹ kó wà nínú ìmúra náà, ni pé igbó tí ènìyàn ń là kọjá yìí kò wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní 200 ọdún sẹ́yìn, oko kọfí ni. Ènìyàn ló pa á, ènìyàn náà ló jí i padà, ẹrú sì ni àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ wọn ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ jà fún kò jù báyìí lọ: iṣẹ́ ọwọ́ ni igbó Tijuca, omi ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, ìgbádùn ẹni tó ń gun òkè sì dé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀.

Kọfí dé Rio ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kejìdínlógún, kò sì pẹ́ tó fi gun òkè. Nígbà tí ààfin ọba Potogí sá fún ogun Napoleon, tí wọ́n kó wá sí Rio ní 1808, ìlú náà wú lójijì. Owó ń wá ilẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Tijuca sì wà nítòsí èbúté. Àwọn ará Faransé wà lára àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀. Nicolas-Antoine Taunay, ayàwòrán tó bá àwọn oníṣẹ́-ọnà Faransé wá ní 1816, kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Louis François Lecesne, tó ti dáko rí ní Saint-Domingue kí àwọn ẹrú ibẹ̀ tó ja àjàbọ́ tí wọ́n sì dá orílẹ̀-èdè Haiti sílẹ̀, gbin kọfí rẹpẹtẹ sí Gávea Pequena. Bí wọ́n ṣe ń dáko náà ló pa ilẹ̀. Wọ́n á gé igi lulẹ̀, wọ́n á dáná sun ún, wọ́n á wá gbin kọfí ní ìlà tó lọ tààrà láti ẹsẹ̀ òkè sí orí rẹ̀, kí alábòójútó lè dúró sójú kan kó máa rí gbogbo àwọn ẹrú. Àgbẹ̀ ilẹ̀ wa tó bá ń dáko sí ìdàgẹ̀rẹ́ mọ̀ pé ńṣe ni à ń kọ ebè dábùú òkè. Ìlà tó bá ti lọ gbọọrọ láti òkè sí ìsàlẹ̀ ti di ọ̀nà àgbàrá. Òjò kọ̀ọ̀kan ń fọ erùpẹ̀ dúdú lọ sínú odò. Láàárín 20 sí 30 ọdún, ilẹ̀ ti ṣá, kọfí kò so bó ti yẹ mọ́, àwọn olówó sì kó ẹrú àti owó wọn lọ sí àfonífojì odò Paraíba láti lọ ṣe bákan náà níbẹ̀. Kí a má gbàgbé bí ẹrú ti pọ̀ tó nínú ìlú yìí: nínú ìkànìyàn 1849, bíi 206,000 ènìyàn ni wọ́n kà ní Rio, bíi 79,000 nínú wọn sì jẹ́ ẹrú. Kò sí ìlú kan ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àríwá tàbí gúúsù, tó ní ẹrú tó bẹ́ẹ̀.

Kò tún yẹ kí a rò pé oko kọfí nìkan ló wà lórí òkè náà. Níbi tí igi ṣì kù sí, ènìyàn wà níbẹ̀. Àwọn ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn tẹ abúlé dó sí kọ̀rọ̀ igbó Tijuca àti ti Corcovado. Quilombo ni wọ́n ń pe irú abúlé bẹ́ẹ̀, àwọn ọlọ́pàá ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì ń rán ikọ̀ lọ léraléra láti tú wọn ká. Àwọn asunèédú wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ìlú tó ń fi èédú se oúnjẹ, tó tún ń fi rọ irin, kò lè ṣàìní ẹni tí yóò máa gé igi fún un. Àwọn onímọ̀ tó ń yẹ ilẹ̀ òkè Rio wò lóde òní ti rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú ibi tí wọ́n ti sun èédú: ilẹ̀ pẹrẹsẹ kékeré tí wọ́n gbẹ́ sí ara ìdàgẹ̀rẹ́, erùpẹ̀ rẹ̀ dúdú ju ti àyíká rẹ̀ lọ, bí a bá sì fi ọwọ́ họ ọ́ díẹ̀, èérún èédú ló máa wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò jókòó síbẹ̀ sinmi, yóò rò pé òkè ló fúnra rẹ̀ tẹ́jú bẹ́ẹ̀. Apá kan ọgbà náà tilẹ̀ ń jẹ́ Pretos Forros, orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn adúláwọ̀ tó ti gba òmìnira. Nítorí náà, àwọn tó kọ́kọ́ mọ ọ̀nà orí òkè wọ̀nyí bí ẹní mowó kì í ṣe àwọn òyìnbó tó ń gùn ún ṣeré. Ìsáǹsá ẹrú, asunèédú, àti àwọn alágbàfọ̀ tó ń fọ aṣọ olówó létí odò ni.

Omi ló yí ọ̀rọ̀ padà. Láti òkè ni omi ìlú Rio ti ń wá. Wọ́n darí odò Carioca gba orí afárá olókùúta gíga kan tí wọ́n parí ní 1750, èyí tí gbogbo àlejò Rio mọ̀ sí Arcos da Lapa. Tijuca sì ni odò Maracanã ti ṣàn wá. Nígbà tí wọ́n ṣí òkè náà sí ìhòòhò, òjò kò rí ewé àti gbòǹgbò tí yóò dá a dúró. Bó bá rọ̀, á di àgbàrá. Bó bá dá, odò á fà. Bí ọ̀rúndún náà ṣe ń lọ ni ọ̀dá ń tẹ̀lé ọ̀dá, èyí tó ṣẹlẹ̀ ní 1844 sì le débi pé àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní gbangba pé ìjọba gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀ tó yí orísun omi ká padà lọ́wọ́ àwọn olóko. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é. Láti 1856 lọ ni wọ́n ń ra ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn lóde òní ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìfẹ́ igi ló bí igbó Tijuca. Òùngbẹ ló bí i. Àwọn tó pàṣẹ rẹ̀ kò ní ẹni tó ń gun òkè lọ́kàn rárá, wọ́n ń wá bí ẹ̀rọ omi inú ìlú kò ṣe ní gbẹ.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1861, ìjọba Ọba Pedro Kejì gbé àṣẹ kan jáde lórí gbígbin àti ìtọ́jú igbó Tijuca àti ti Paineiras. Wọ́n fi Major Manuel Gomes Archer ṣe alábòójútó Tijuca, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1862. Archer kì í ṣe ọ̀mọ̀wé nípa ewéko. Olóko ni, ó ní ilẹ̀ ní Guaratiba, ojú rẹ̀ sì mọ igi. Ẹrú mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà: Eleutério, Constantino, Manuel, Mateus, Leopoldo, àti obìnrin kan ṣoṣo, Maria. Orúkọ ìsàmì nìkan ni ìwé kọ sílẹ̀ fún wọn. Kò sí orúkọ baba, kò sí ti ìyá, kò sí ti ìlú. Nígbà tó yá, wọ́n fi àwọn mìíràn kún wọn, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba owó náà sì dé. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ wo irú iṣẹ́ tó jẹ́, nítorí pé ẹni tó bá gbọ́ pé “wọ́n gbin igi” lè rò pé irúgbìn ni wọ́n ń fọ́n kiri tí òjò sì ń bá wọn ṣe ìyókù. Ọmọ igi ni wọ́n ń wú nínú igbó tó ṣẹ́ kù ní Paineiras, tí wọ́n sì ń kó wá láti oko Archer ní Guaratiba. Ọmọ igi tí a wú kò gbọ́dọ̀ pẹ́ lábẹ́ oòrùn, erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ tú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹrù wíwúwo ni, tí ènìyàn yóò rù gun ọ̀nà tóóró. Lórí ilẹ̀ tó ti ṣá, ihò tí yóò gba gbòǹgbò fẹ́ agbára láti gbẹ́. Bí wọ́n bá gbìn ín tán, koríko oko àtijọ́ á fẹ́ bò ó, a gbọ́dọ̀ máa ro ìdí rẹ̀. Èèrà tí wọ́n ń pè ní saúva sì tún wà, tó ń gé ewé, tó lè sọ ọmọ igi di ọ̀pá lásán láàárín òru kan. Igi tó bá kú, wọ́n á tún un gbìn. Báyìí ni wọ́n ṣe é lábẹ́ Archer títí di 1874, tí Gastão d’Escragnolle fi gba ipò rẹ̀, tó sì wà níbẹ̀ di 1888. Bíi 100,000 igi ni àwọn òpìtàn sábà máa ń kà sí sáà àwọn méjèèjì. D’Escragnolle yàtọ̀ sí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ní ti pé ó fẹ́ kí ibẹ̀ lẹ́wà. Òun àti Auguste Glaziou, ará Faransé tó ń tún ọgbà ọba ṣe, ni wọ́n fi adágún omi, afárá kékeré àti ibi ìwòran sí i. Sáà rẹ̀ ni igbó omi bẹ̀rẹ̀ sí í di igbó ìgbafẹ́.

Ẹni tó mọ̀ nípa igbó lè dá mi lóhùn níbí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sì wọ̀n. Yóò ní: ọgbà náà lóde òní tó 3,953 hẹ́kítà. Pín 100,000 igi sórí rẹ̀, kò ní ju igi 25 sórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni igbó tó dàgbà ní agbègbè náà máa ń ní igi tó lé ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan lórí hẹ́kítà kan. Yóò tún ní: lẹ́yìn tí d’Escragnolle lọ, wọ́n fi igbó náà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìtọ́jú, síbẹ̀ ó ń dàgbà. Ṣé kì í ṣe òjò, atẹ́gùn àti ẹyẹ ló gbin èyí tó pọ̀ jù? Òótọ́ ni. Èmi náà gbà pé bí a bá ń ka igi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó hù fúnra rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ènìyàn gbìn lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ìwé tó bá sì sọ pé ọwọ́ Archer ni gbogbo igi Tijuca ti jáde ti ṣàsọdùn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yìí kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Ilẹ̀ tí ìlú ńlá kan yí ká, tí èédú ń tà lójoojúmọ́ nínú rẹ̀, kò lè hu igbó bí kò bá sí ẹni tó ń lé àwọn tó gbé àáké kúrò níbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ igbó wà lára iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ibi tí wọ́n sì gbin igi sí kì í ṣe ibi tí igbó lè tètè padà sí. Orí òkè tí oko ti pa ni, níbi tí igi àgbà tí ẹyẹ lè ti kó èso kò sí nítòsí mọ́. Nígbà tí igi tí wọ́n gbìn bá ga tó láti ṣe ìbòòji, tí ẹyẹ rí ẹ̀ka bà lé, ìgbà yẹn ni ẹyẹ tó di olùrànlọ́wọ́. Àti pé ohun tí wọ́n gbìn ṣe pàtàkì. Ní 1857, òfin Faransé pàṣẹ kí wọ́n gbin igi sí agbègbè Landes, igi páìnì kan náà ni wọ́n sì gbìn lọ salalu. Archer kò ṣe bẹ́ẹ̀. Oríṣiríṣi igi ilẹ̀ náà ló pa pọ̀, àwọn díẹ̀ láti òkèèrè wọ inú rẹ̀ bí eucalyptus, ṣùgbọ́n púpọ̀ jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń gun Pico da Tijuca lónìí fi ń rìn nínú igbó, tí kì í ṣe nínú oko igi.

Ẹlòmíràn yóò ní kí a fi oríyìn fún ọba àti àwọn mínísítà rẹ̀, nítorí pé láìsí àṣẹ wọn, Maria àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ì bá máa ro oko kọfí ní ibòmíràn. Mi ò du ọba Pedro ní ìyìn rẹ̀. Ìjọba tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówó nítorí omi gbogbo ènìyàn, ní sáà tí olóko lágbára ju ẹnikẹ́ni lọ ní Bùràsíìlì, ṣe ohun ńlá. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ni wọ́n jẹ́ kí òwò ẹrú máa lọ títí di 1850 lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣòfin lòdì sí i ní 1831, ìjọba náà sì ń lo ẹrú tirẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìlú. Òfin ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1871 ló dá àwọn ẹrú tó jẹ́ ti ìjọba sílẹ̀. Àwọn yòókù dúró de oṣù Karùn-ún ọdún 1888. Ẹni tó ṣe ìpinnu ní ìyìn ìpinnu. Ẹni tó ru igi ní ìyìn igi. Ohun tó bí mi nínú ni pé ìkínní ní òpópónà, ère àti orí ìwé, ìkejì sì di ìlà kan ṣoṣo tí wọ́n ń fi parí ìtàn.

Àtẹ̀gùn tó wà ní ṣóńṣó orí òkè náà fi èyí hàn kedere. Ìpele ìkẹyìn Pico da Tijuca jẹ́ àpáta lásán, ó sì ga sókè gan-an. Wọ́n gbẹ́ àtẹ̀gùn 117 sínú òkúta náà, wọ́n sì na ṣéènì irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ènìyàn lè dì í mú. Gbogbo atọ́nà ló mọ ìdí rẹ̀: ní 1920, Ọba Albert Kìíní ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ṣàbẹ̀wò sí Bùràsíìlì, wọ́n sì gbẹ́ àtẹ̀gùn náà dè é. Ọba yìí fẹ́ràn àpáta gígun dé ibi pé orí àpáta ló kú sí ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní 1934, ìtàn tí wọ́n sì máa ń sọ ní Rio ni pé kò tilẹ̀ gba ojú àtẹ̀gùn, ara òkúta ló gbà gòkè. Bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ wò ó bí ìtàn ṣe ń yan ẹni tí yóò rántí: àlejò ọjọ́ kan ló ni àtẹ̀gùn náà lẹ́nu àwọn ènìyàn, kò sì sí ẹni tó ń dárúkọ àwọn tó lu òkúta. Ní ti Maria, Eleutério, Constantino, Manuel, Mateus àti Leopoldo, orúkọ wọn wà nínú ìwé. Kò sí àwáwí kankan fún ẹni tó bá ń ṣe ìwé atọ́nà òkè yìí láti fi wọ́n sílẹ̀. Ojú ìwé kan náà tó ń sọ iye omi tó yẹ kí ènìyàn gbé dání ló yẹ kí wọ́n wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá, ṣùgbọ́n kí a sọ ọ́ níwọ̀n. Púpọ̀ nínú àwọn ẹrú tí wọ́n kó dé Rio wá láti ilẹ̀ Kóńgò àti Àǹgólà. Bahia ni àwọn èèyàn wa, tí wọ́n ń pè ní Nàgó níbẹ̀, ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Salvador ní 1835 ni ọ̀pọ̀ Nàgó bá ara wọn ní Rio, àwọn kan nítorí pé wọ́n tà wọ́n, àwọn kan nítorí pé wọ́n sá fún inúnibíni. Nítorí náà, mi ò ní fi tipátipá sọ àwọn mẹ́fà yẹn di ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí Ẹ̀gbá kí n tó bọlá fún wọn. Ibi tí ọwọ́ wa ti hàn nínú igbó náà ni ìgbàgbọ́. Kò sí igi ìrókò ní Bùràsíìlì, àwọn olórìṣà ibẹ̀ sì fi gameleira branca rọ́pò rẹ̀, igi tó jẹ́ ìbátan ọ̀dán àti ọ̀pọ̀tọ́ tiwa. Òun ni wọ́n ń bọ ní Ìrókò, òun ni wọ́n ń wé aṣọ funfun mọ́ nídìí. Àwọn onímọ̀ tó ṣèwádìí lórí òkè Rio ti kíyè sí i pé irú igi bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ga fíofío níbi tí asunèédú ti gé gbogbo èyí tó yí i ká; àáké kò kàn án, nítorí pé àwọn tó mú àáké dání bẹ̀rù rẹ̀. Ẹni tó ń gun Tijuca lè rí ọrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tó ń ṣàn pẹ̀lú: òdòdó, àwo, àgbàdo, tí àwọn onígbàgbọ́ Candomblé àti Umbanda gbé síbẹ̀. Èyí ti fa àríyànjiyàn fún ọdún pípẹ́. Àwọn tó ń tọ́jú ọgbà ń bẹ̀rù iná àbẹ́là àti àfọ́kù ìgò, ẹ̀rù wọn sì tọ́. Àmọ́ mi ò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé ẹbọ kò ní ohun tó ń ṣe nínú igbó tó jẹ́ ti ìṣẹ̀dá. Wọ́n ti gbàgbé pé àwọn tó kọ́kọ́ ka igi ibẹ̀ sí ohun tí a kì í gé, kí ìjọba tó ṣe àṣẹ rẹ̀, ni àwọn olùbọ̀rìṣà wọ̀nyí.

Àtakò kan kù tí mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ òǹkàwé: ẹni tó fẹ́ gbafẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, kí ló kàn án pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹrú? Kí a jẹ́ kó sinmi. Mo fẹ́ kó sinmi. Gígun òkè fún ìgbádùn jẹ́ ohun tó dára, àwọn tó sì sọ ọ́ di àṣà ní Rio ṣe iṣẹ́ tó yẹ ká yìn. Ní 1919, ọdún kan ṣáájú àbẹ̀wò Ọba Albert, ni wọ́n dá Centro Excursionista Brasileiro sílẹ̀, ẹgbẹ́ agunkè àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè náà. Láti 1943, Raymundo de Castro Maya tún ọ̀nà, ilé àti adágún igbó náà ṣe, owó tó gbà fún un kò sì ju ti àpẹẹrẹ lásán lọ. Wọ́n sọ ibẹ̀ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1961, UNESCO sì kọ òkè àti etíkun Rio sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2012. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí ìmúra tí a fi bẹ̀rẹ̀, kí a yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni náà kò gbé agbòòrùn lọ, nítorí pé igi yóò ṣíji bò ó títí dé ẹsẹ̀ àpáta. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé ilẹ̀ tó ń tẹ̀ kò ní yọ́ lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí pé gbòǹgbò dì í mú. Omi ń ṣàn níbi tí odò ti gbẹ rí. Kò sí ọ̀kan nínú ohun tó gbẹ́kẹ̀ lé tí kò ní ẹni tó ṣe é. Bó bá sì la ojú rẹ̀ dáadáa, yóò rí ẹ̀rí lójú ọ̀nà: igi kọfí tín-ínrín tó ṣì ń hù lábẹ́ igi ńlá, àwókù ògiri ilé oko tí ewé ti bò, igi jaca eléso gbàǹgbà tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Éṣíà, tó ti tàn kálẹ̀ débi pé ó ń lé àwọn igi onílé kúrò. Ìmọ̀ yìí kì í ba ìgbafẹ́ jẹ́. Ó ń fún ojú ní ohun tó máa wò.

Iṣẹ́ náà kò sì tíì parí, èyí sì ni ìdáhùn tó lágbára jù fún ẹni tó bá ṣì gbà pé igbó náà ti ń dá gbé ara rẹ̀ ró. Igi padà, ẹranko kò padà. Ọdẹ àti oko ti pa púpọ̀ wọn tán kí gbígbìn tó bẹ̀rẹ̀, òkè tí ìlú yí ká kò sì ní ọ̀nà tí ẹranko lè gbà wọlé láti ibòmíràn. Ní àwọn ọdún 1970, Adelmar Coimbra-Filho kó onírúurú ẹranko àti ẹyẹ padà síbẹ̀, lára wọn ni tucano ẹlẹ́nu gbọọrọ. Láti 2010, àwọn onímọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Refauna bẹ̀rẹ̀ sí í da cutia sílẹ̀, ẹran kan tó fara jọ òyà, tó máa ń wa ilẹ̀ fi èso pa mọ́ de ọjọ́ ebi, tó sì máa ń gbàgbé àwọn kan síbẹ̀. Èso ńláńlá tí ẹyẹ kékeré kò lè gbé mì, ẹnu irú ẹran yìí ló ń gbà di igi ní ibi tó jìnnà sí ìyá rẹ̀. Ní 2015, wọ́n mú ọ̀bọ tí ń bú ramúramù padà, irú èyí tí a kò gbúròó rẹ̀ nínú igbó náà fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ní 2020, ó kan ìjàpá. Ẹ̀yìn wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà wà, àwọn tó ń pa igi jaca díẹ̀díẹ̀ kí onílé lè ráyè, àti àwọn tó ń fi ọ̀dà sàmì sí ara igi àti òkúta kí agunkè má baà ṣìnà. Ẹrù ṣì ń gun òkè náà lórí àti ní èjìká ènìyàn bó ti ń gùn ún ní 1862. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn tó ń rù ú lónìí ń gbowó iṣẹ́ wọn, orúkọ wọn pé nínú ìwé, wọ́n sì lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n.